Pa Ìwé Dé Kó O Tó Sọ Pé Ó Yé Ọ: Ìdáhùn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Kan n'Íbàdàn

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó wà lọ́dún kejì n'Íbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Agbowó ni mò ń gbé. Wákàtí mẹ́fà ni mo fi ń ka Anatomy, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, lójúmọ́, mo sì máa ń ṣe TDB, ìyẹn kíkàwé mọ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kò sí ojú ìwé tí mi ò fi yẹ́lò kùn. Síbẹ̀, 38 ni mo gbà nínú ìdánwò apá àti ọwọ́. Ti steeplechase, ìdánwò tí a ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì láti dárúkọ ẹ̀yà ara tí wọ́n sàmì sí, tún burú jùyẹn lọ: márùn-ún péré ni mo rí gbà nínú ogún ìbéèrè. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí mo bá ń kà á, ó máa ń yé mi dáadáa. Bí mo bá ti dénú gbọ̀ngàn báyìí, gbogbo ẹ̀ á pòórá. Ìdánwò ńlá ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n tètè yí kọ́ọ̀sì kí ojú tó tì mí. Ẹ gbà mí o."

Àbúrò, kú ìrọ́jú. Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó fọkàn balẹ̀. Èèyàn kì í tìtorí 38 nínú ìdánwò kan sá nídìí ìṣègùn. Èmi tí mò ń dá ọ lóhùn yìí, 34 ni mo gbà nínú ìdánwò apá tèmi, mo sì tún padà wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì fún ọdún mélòó kan. Mi ò fi 34 yẹn pamọ́ fún wọn rí.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo fa ìlà sí nídìí: "bí mo bá ń kà á, ó máa ń yé mi." Mo gbà ọ́ gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀hún wà. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹnì kan bá pàdé rẹ lọ́jà Bódìjà, tó rẹ́rìn-ín sí ọ, tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ ilé sọ̀rọ̀ oko, àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò wá sí ọ lẹ́nu títí ẹ fi túká? Ojú rẹ̀ lo mọ̀. Bí ìwọ àti brachial plexus, ìdìpọ̀ àwọn nerve (iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ) tó ń lọ sí apá, ṣe rí nìyẹn. O ti rí i tó ìgbà ogún nínú ìwé, nítorí náà bó o bá tún ṣí i, ojú rẹ á ní "hẹn ẹn, èmi mọ èyí." Ìdánwò ò sì ní ṣí ìwé fún ọ. Orúkọ ni yóò béèrè, ọmọ ta ni, ta ló ń bá gbé, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀bẹ bá gé e.

Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kúkúrú kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n ní kí àwọn yòókù pa á dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí bìrí: àwọn tó pa ìwé dé ló rántí jù. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ni kó o ṣọ́ra fún. Òun ló ń tan ẹni tó ń ka ìwé mọ́jú jẹ. Ní aago mẹ́rin òru, gbogbo nǹkan ń dán gbinrin lórí rẹ, o rò pé o ti mọ̀ ọ́n. Tó bá máa fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo gbé fún ọ kò ju ọ̀kan lọ: dín kíkà kù, sọ mímú-jáde di púpọ̀. Bó o bá fi ogún ìṣẹ́jú kàwé, fi ogójì pa á dé kó o sì yà á, sọ ọ́ sókè, tàbí fọwọ́ kàn án. Yẹ́lò tó o fi ń kun ìwé, jọ̀wọ́, fún àbúrò rẹ tó wà ní pírámárì.

Wò ó báyìí. Mú bébà tí kò nílà. Brachial plexus la fẹ́ yà. Kọ C5, C6, C7, C8 àti T1, àwọn gbòǹgbò nerve tó ti ọrùn àti òkè ẹ̀yìn jáde, sí ẹ̀gbẹ́ òsì, látòkè wá sísàlẹ̀. C5 àti C6 pàdé, wọ́n di upper trunk. C7 dá rìn, òun ni middle. C8 àti T1 pàdé, wọ́n di lower. Trunk kọ̀ọ̀kan là sí méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lọ sẹ́yìn kóra jọ di posterior cord. Nínú àwọn tó wà níwájú, méjì tòkè di lateral cord, ti ìsàlẹ̀ dá di medial cord. Posterior bí axillary àti radial. Lateral bí musculocutaneous, medial bí ulnar, àwọn méjèèjì sì fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti jọ bí median láàárín, tó fi dà bí lẹ́tà M. Èyí ni egungun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ẹ̀ka kéékèèké á máa wọlé lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á gbà ọ́ ní ogún ìṣẹ́jú, á sì rí jágajàga. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó o ṣí ìwé, kó o mú báírò pupa, kó o fi ṣàtúnṣe. Ibi tí báírò pupa bá kàn ni ibi tí o kò mọ̀, ibẹ̀ nìkan ni kó o tún kà. Ní ọjọ́ kẹta, tún un yà láìwo ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ keje, tún un yà. Ó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta kó o tó lè yà á tán ní ìṣẹ́jú méjì, bí ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń fi ìka yà á sórí tábìlì nígbà tó bá ń dúró de ìrẹsì ní búkà. Ìyá olóńjẹ rò pé ó ń gbàdúrà ni.

Àmọ́ yíyà nìkan ò tó, torí ìdánwò Anatomy fẹ́ràn ìbéèrè "bí ibi báyìí bá bàjẹ́ ńkọ́?" Àwọn tó ń há ìwé sórí, tó jẹ́ pé la cram, la pour ni tiwọn, á wá há gbogbo èsì sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. O ò nílò ẹ̀. Ọ̀nà tí nerve gbà ni kó o mọ̀.

Mú radial nerve. Kà á sí Micra tó gbéra ní Dùgbẹ̀, tó ń lọ Òjóò. Abíyá ni Dùgbẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń já èrò triceps, iṣan ẹran tó ń na ìgúnpá, sílẹ̀. Ó wá yí gba ẹ̀yìn humerus, egungun apá òkè, kọjá, nínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lára egungun náà: Mọ́kọ́lá nìyẹn. Ó yọ síwájú ìgúnpá lápá ìta, ó já èrò brachioradialis àti ti extensor carpi radialis longus, iṣan ẹran méjì mìíràn: Sángo. Lẹ́yìn èyí ló pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sínú awọ ẹ̀yìn ọwọ́ nítòsí àtàǹpàkò. Èkejì kó wọ inú supinator, iṣan ẹran kan nísàlẹ̀ ìgúnpá, ó ń já èrò fún àwọn iṣan ẹran tó ń na ìka, láti Agbowó títí dé Òjóò.

Wàyí o, ọ̀kadà gbá ọkùnrin kan, humerus rẹ̀ ṣẹ́ láàárín. Mọ́kọ́lá ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Èrò triceps ti sọ̀kalẹ̀ ní tiwọn, nítorí náà ó ṣì lè na ìgúnpá. Àmọ́ Sángo ò rí ọkọ̀, Òjóò ò rí ọkọ̀: ọrùn ọwọ́ á wálẹ̀ ṣòòròṣò, ìka ò ní ṣeé nà, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ò ní mọ nǹkan kan lára. Bó bá jẹ́ ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ ló fún nerve náà mọ́ ọn ní abíyá, Dùgbẹ̀ ni ọkọ̀ ti bàjẹ́, triceps náà á bá a lọ. Bó bá sì jẹ́ inú supinator ni, ìyẹn lẹ́yìn Sángo, ọrùn ọwọ́ ṣì lè gbéra sókè, ṣùgbọ́n á máa fì sí ìhà àtàǹpàkò. Ìka ni kò ní ṣeé nà, awọ ò sì ní kú rárá, torí ẹ̀ka awọ ti yà lọ kó tó débẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi Micra kan dáhùn yẹn, mi ò há ìkankan sórí. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ulnar, fún median, fún sciatic, nerve ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Fún nerve kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà Ìwó Road lo máa ń gbà, lo ìyẹn.

Sciatic yẹn gan-an, má ṣe fi ṣeré. Gbogbo wa la ti rí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní ìdí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan, tó wá di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Pín bàrá sí mẹ́rin. Igun òkè lápá ìta nìkan ni abẹ́rẹ́ ń lọ, torí sciatic ń gba ìsàlẹ̀ àti apá inú kọjá. Ẹni tó ti fi ojú inú rí ọmọ yẹn kì í gbàgbé ibi tí sciatic ń gbà.

Ó kan steeplechase. Márùn-ún nínú ogún tó o gbà, mo rò pé mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Aago dún, mo dé ìdí tábìlì kan, wọ́n so òwú pupa mọ́ nǹkan kan tó rí gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ ní abíyá. Mo ní "axillary artery," iṣan ẹ̀jẹ̀ abíyá. Aago dún, mo kọjá. Nerve ni. Ní èdè wa, iṣan là ń pe èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, iṣan náà là ń pe èyí tó ń jẹ́ kí ara mọ nǹkan, iṣan kan náà ló sì ń fa ìyá àgbà lẹ́sẹ̀ bí òtútù bá mú. Lójú mi lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ṣì jẹ́ iṣan. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi pé artery, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, ní ògiri nípọn, ihò rẹ̀ á ṣì yọ kalẹ̀ bí rọ́bà tí a gé. Pé vein, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, ní ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ti dì á wà nínú rẹ̀. Pé nerve kò níhò rárá, ó funfun, ó le bí okùn, bó o bá gé e, wàá rí fọ́nrán fọ́nrán nínú rẹ̀. Ó wà nínú ìwé, mo sì ti kà á. Mi ò fọwọ́ kàn án ni.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí, má kàn dúró sẹ́yìn àwọn tó ga jù ọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá ń la òkú. Wọ ìbọ̀wọ́, sún mọ́ ọn, tẹ̀ lé iṣan kan láti ibi tó ti ṣẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n lè má jẹ́ kó o fọwọ́ kan nǹkan kan, ojú rẹ nìkan ni wàá ní, ọwọ́ rẹ ló sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ojú yẹn. Mo mọ̀ pé òórùn formalin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, kì í ṣe ohun tó dára. Nígbà tí mo wà lọ́dún kejì, ìyá mi ò jẹ́ kí n wọ kíṣíńnì àfi tí mo bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n òkú tó wà níwájú rẹ yẹn jẹ́ ọmọ ẹnì kan. Má ya fọ́tò rẹ̀, má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bó o bá wá dúró níwájú òwú pupa, má tètè wo òwú. Kọ́kọ́ bi ara rẹ: apá ibo nínú ara nìyí? Ọ̀tún ni àbí òsì? Ojú iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Ìgbà tó o bá dáhùn mẹ́ta yẹn, ohun tí òwú náà lè jẹ́ á ti kù méjì tàbí mẹ́ta. Ka ìbéèrè ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, torí ó sábà máa ń tú àṣírí ti òkè. Bí wọ́n bá ní "dárúkọ iṣan ẹran tí nǹkan yìí ń fún lágbára," o ti mọ̀ pé nerve ni. Èmi ì bá ti kà á, ǹ bá ti gba máàkì mi. Kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta máa ṣe é fúnra yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹnì kan á fi bébà pélébé sàmì sí nǹkan mẹ́wàá, fóònù á máa ka ìṣẹ́jú kan, ẹ ó máa yípo. Ẹgbẹ́ tó bá ju mẹ́rin lọ, àríyá ni.

Fún ti ọkàn, lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Bódìjà, ra odindi ọkàn màlúù. Sọ fún un pé kó má fọ́ ọ, kó sì bá ọ fi àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè sílẹ̀. Ó tóbi ju tèèyàn lọ, àmọ́ yàrá mẹ́rin kan náà ló ní. Tẹ ìka bọ ojú òpó ńlá tó wà nínú ọkàn náà, wò ibi tó já sí. Gé ẹ̀gbẹ́ òsì àti ti ọ̀tún, kó o fi ìka méjì wọn ògiri wọn. Wàá rí bí ti òsì ṣe nípọn tó, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà tí ti ọ̀tún kò kọjá ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn chordae tendineae tí ìwé fi wé okùn agboòrùn, fà wọ́n, wàá rí valve, ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn, tó ń gbéra. Bí ọ̀bẹ rẹ bá kan egungun kékeré kan nítòsí ìdí aorta, òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù, má dààmú: màlúù ní i, èèyàn kò ní i, má wá lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò o. Bó o bá parí, fọ̀ ọ́ dáadáa, kó o fi se ọbẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ló tún ń fún èèyàn lóúnjẹ?

Ara tìrẹ náà, ìwé ni. Ibi tí ìgúnpá máa ń gbá tábìlì tó fi ń ta èèyàn bí iná mànàmáná, ulnar nerve nìyẹn lẹ́yìn medial epicondyle, kókó egungun ìgúnpá lápá inú. Wá eegun tó yọ gọngọ lókè àyà, ìyẹn sternal angle: eegun ìhà kejì ló pàdé rẹ̀, láti ibẹ̀ lo ti lè máa ka àwọn yòókù sísàlẹ̀. Máa dárúkọ wọn bó o bá ń wẹ̀.

Histology, ìyẹn wíwo ẹran ara lábẹ́ maikirosíkóòpù: máa fi lẹ́ǹsì kékeré wo gbogbo rẹ̀ kó o tó lọ sí ńlá, kó o sì fi pẹ́ńsù búlúù àti píńkì yà á, torí nínú aró méjì tí wọ́n fi ń kun ẹran ara, hematoxylin ló ń sọ núkílíọ́sì di búlúù, eosin ló ń sọ ìyókù di píńkì. Embryology, ẹ̀kọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ikùn: sọ ọ́ bí ìtàn fún ẹni tí kò kà á rí. Bó o bá lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ bí neural tube, ohun tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá inú eegun ẹ̀yìn, ṣe ń dì kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, tí kò fi sùn, o ti mọ̀ ọ́n.

Nípa ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tó kù, mi ò ní ya tábìlì fún ọ, torí wàá fi ọjọ́ méjì kun tábìlì ní yẹ́lò. Fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ gba gbogbo ara kọjá, apá kan lọ́sẹ̀ kan, tí apá bá sì ṣòro, bíi orí àti ọrùn, fún un ní méjì. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó o tó ka ohun tuntun kankan, fi ìdajì wákàtí ya ohun tí o kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láìwo ìwé. Ìdajì wákàtí yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti steeplechase nìkan. Nínú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, má há èsì sórí. Bi ara rẹ nípa ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí kò tọ̀nà, kí ló mú kó má tọ̀nà? Bí ẹ̀ka yín bá ń yọ máàkì fún èsì tí kò tọ̀nà, fi èyí tí o kò mọ̀ rárá sílẹ̀ ní òfìfo.

TDB, dá a dúró. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀fíwé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ń fi ń yangàn, ṣùgbọ́n ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ sí ààyè wọn. Wákàtí méje, ó kéré tán.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn n'Íbàdàn, lẹ́yìn tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìlú ọba ni wọ́n ti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn, torí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, kò tíì ṣílẹ̀kùn, ọdún 1957 ló ṣí i. Ìwọ, láti Agbowó sí UCH, ọkọ̀ Mọ́kọ́lá lásán ni. Ọkùnrin tí ọ̀kadà gbá yẹn á ti wà níbẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á wálẹ̀, ọ̀gá á yíjú sí ọ, á ní "ibo ni?" Wàá rántí Micra.

Lálẹ́ òní, mú bébà tí kò nílà. Bí NEPA bá mú iná lọ, má tan tọ́ọ̀ṣì. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kan bá ní egungun humerus, gbé e sọ́wọ́ nínú òkùnkùn, wá orí rẹ̀ tó rí roboto, kó o jẹ́ kó kọjú sí ara rẹ. Wá kòtò jíjìn tó wà nísàlẹ̀, kó o jẹ́ kó wà lẹ́yìn. Kí iná tó dé, sọ fún mi: ọ̀tún ni, àbí òsì?